Bírékà ilé mi ń já lálaalẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

Oníyìnyín Àkọ́bọ̀:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ iná ni mo bá wá. Àkọ́bọ̀ ní Ìbàdàn níbí ni a ń gbé. Nínú àpótí bírékà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n kọ 20 sí lára. Òun ló ń gbé iná lọ sí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ àti ti yàrá tó kángun sí i. Láti bí oṣù mélòó kan, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, yóò kàn já ni. Mo máa tì í sókè padà, yóò dúró díẹ̀, yóò tún já. Tó bá di òru jìn tàbí òwúrọ̀ kùtù, kì í ṣe nǹkan kan. Tí a bá sì tan jẹnẹrétọ̀, kì í já rárá.

Omi dídì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mò ń tà, orí ìlà yẹn náà sì ni fíríísà mi wà. Tí n kò bá tètè mọ̀ pé ó ti já, yìnyín á ti yọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oníṣẹ́ iná tí onílé mú wá ní kí n lọ ra bírékà 32, pé tí òun bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ará Ìkòròdú:
Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Èyí ò le. Ẹ fi 32 náà sí i. Nílé tèmi, 20 ni mo bá níbẹ̀ nígbà tí mo kó dé, ó ń dà mí láàmú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo fi 40 sí i, kò já mọ́ láti ìgbà náà.

Oníṣẹ́ Iná Abẹ́òkúta:
Ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú, ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, n kò sì lè dákẹ́ lórí rẹ̀.

Wáyà inú ògiri ni bírékà ń ṣọ́. Kì í ṣe fíríísà, kì í ṣe AC. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn iye amp (ìwọ̀n iná tó ń gba wáyà kọjá), ni wọ́n fi ń bá wáyà yẹn mu, kí iná tó ń gbà á kọjá má baà mú un gbóná jù. Nílé púpọ̀ níbí, wáyà 1.5 (ìwọ̀n ojú irin inú rẹ̀ ní mílímítà onígun mẹ́rin) là ń lò fún gílóòbù, bírékà 10 la sì fi ń ṣọ́ ọ. Wáyà 2.5 là ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 20 la fi ń ṣọ́ ọ. AC ńlá àti ẹ̀rọ amómigbóná, wáyà 4. Sítóòfù oníná, wáyà 6. Tí ẹ bá gbé 32 tàbí 40 lé wáyà 2.5 lórí, rọ́bà ara wáyà á ti máa yọ́ nínú páìpù inú ògiri kí bírékà tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Lóòótọ́, kò ní já mọ́. Àmọ́ ohun tó ń jẹ́ kó já ṣì wà níbẹ̀, ọlọ́dẹ tó ń pariwo rẹ̀ fún yín ni ẹ lé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń já, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti mọ ohun tó ń ṣe tiyín. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀. Tí iná tó ń kọjá bá ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ, irin yìí á gbóná, á tẹ̀, á sì tú ohun tó di apá bírékà mú. Èyí kì í yá. Tí àpọ̀jù náà bá kéré, ó lè tó wákàtí kan kó tó já. Tó bá pọ̀ díẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Èkejì ni wáyà kan tí wọ́n wé po. Tí iná bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wáyà méjì tó ti bó bá fara kanra, wáyà wíwé yìí á di òòfà, á sì fà á já kí ẹ tó ṣẹ́jú. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá pè mí ni pé: ṣé ojú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti tì í sókè ló ń já, àbí ó máa ń pẹ́ díẹ̀?

Olùkọ́ Físíìsì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ìbéèrè yẹn gan-an ni. Ìyá wa, ẹ tún bá wa dáhùn ìwọ̀nyí. Kí ni gbogbo ohun tó wà lórí ìlà yẹn? Èwo ló máa ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó bá já? Ṣé fáànù yín máa ń yí dáadáa lálẹ́? Nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, ṣé ẹ máa ń tan AC pẹ̀lú? Ẹ tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ nìkan o, kí ẹ mọ̀ bóyá èyí tó gbóná wà níbẹ̀. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ tutù.

Oníyìnyín Àkọ́bọ̀:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí tiyín ṣe. Kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ló ń já, ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni AC 1.5 horse power tí ọkọ mi rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fíríísà, tẹlifíṣọ̀n, fáànù kan, àti kẹ́tùlù tí àwọn ọmọ fi ń se omi tíì. A kì í tan AC lórí jẹnẹrétọ̀, kò lè gbé e.

Bí ẹ ṣe béèrè fáànù yẹn yà mí lẹ́nu, nítorí lóòótọ́, jẹ́jẹ́ ló máa ń yí lálẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í tó nǹkan. AC náà á kùn hùùù, kò ní fẹ́ atẹ́gùn tútù, á dákẹ́, tó bá ṣe díẹ̀ á tún kùn. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, bírékà á já. Mo sì ti fọwọ́ kan àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tí AC wà lára rẹ̀ gbóná, igun rẹ̀ kan sì ti pọ́n, ó fẹ́ máa dúdú. N kò fojú sí i rí tẹ́lẹ̀, kọ́tìnì ló bò ó.

Oníṣẹ́ Iná Abẹ́òkúta:
Ẹ pa AC yẹn nísinsìnyí. Ẹ pa bírékà ìlà yẹn náà kí ẹ tó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ má sì ki nǹkan kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ títí oníṣẹ́ á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ká kọ́tìnì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ń pọ́n, síkúrù tó di wáyà mú lẹ́yìn rẹ̀ ti dẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ẹnu irin tó yẹ kó há ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mọ́ra ti ṣí. Níbi tí irin kò bá ti fara kan irin dáadáa, ooru á máa jáde níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé tó sì jóná nípasẹ̀ iná mànàmáná, irú ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bírékà kì í rí èyí, nítorí iná tó ń kọjá kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú kan péré ló ń gbóná. Ojú yín àti imú yín ni yóò rí i. Bí ẹ bá gbóòórùn bí ẹja gbígbẹ tàbí rọ́bà tó ń jó, tí ẹ kò sì mọ ibi tó ti ń wá, ẹ pa iná gbogbo ilé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

Irú síkúrù dídẹ̀ yìí kan náà máa ń wà ní ìdí bírékà. Ìdí rẹ̀ á gbóná, ooru á dé ibi irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, á sì máa já kí iná tó dé nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní bírékà ti bàjẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, èyí tuntun náà á tún bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ti ìyá wa wò, kò le. Ẹ wo iye watt tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 230 pín in, ìyẹn iye volt (agbára tó ń ti iná wá) nígbà tí iná bá pé, amp rẹ̀ lẹ máa rí. Kẹ́tùlù 2000 watt ń fa bí amp 8.7. AC 1.5 horse power, tí a bá ní 1300 watt ni, kò pé amp 6. Fíríísà bí amp 1. Tẹlifíṣọ̀n àti fáànù pọ̀, kò pé 1. Gbogbo rẹ̀ kò tó 17, bẹ́ẹ̀ 20 ni bírékà. Tí iná bá pé, kò yẹ kó já, bó tilẹ̀ ti sún mọ́ etí.

Iná kò pé lálẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kẹ́tùlù, tí volt bá wálẹ̀, iná tó ń fà á dín kù ni, omi á kàn pẹ́ kó tó hó. Mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ inú AC ní gáàsì líle tó gbọ́dọ̀ tì kó tó lè yí. Tí volt kò bá tó, agbára rẹ̀ kò ní ká a, yóò dúró gbagidi sójú kan, á sì máa fa iná tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà èyí tó ń fà nígbà tó bá ń yí. Amp 6 di 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hùùù tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Nǹkan kan wà lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó máa ń gé iná rẹ̀ kó má baà jó. Òun ló ń jẹ́ kó dákẹ́. Tó bá tutù tán, á tún gbìyànjú. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì gbìyànjú, irin pẹlẹbẹ tí oníṣẹ́ iná wa sọ á tún gbóná sí i, kò ní ráyè tutù tán kí òmíràn tó dé. Ìdí nìyẹn tó fi ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí tí kì í fi í já lóru jìn ni pé àdúgbò ti sùn, àwọn èèyàn ti pa nǹkan wọn, volt ti gòkè.

Ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa ń fi volt hàn. Kò wọ́n. Ẹ wò ó ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ tún wò ó ní ìdájí. Bí ẹ bá rí 170 tàbí kó kéré sí i lálẹ́, ẹ má tan AC ní wákàtí yẹn rárá. Bírékà ń yọ yín nínú ewu owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun ni.

Ará Ìkòròdú:
Mo ti gbọ́ o. Báwo ni mo ṣe máa mọ irú wáyà tó wà nínú ògiri tèmi láìfọ́ ògiri?

Oníṣẹ́ Iná Abẹ́òkúta:
Ẹ kò ní fọ́ nǹkan kan. Kí oníṣẹ́ ṣí ojú àpótí bírékà, ẹnu wáyà wà níbẹ̀. Wáyà tó dára máa ń ní ìwọ̀n rẹ̀ lára rọ́bà. Bí ìwé ara rẹ̀ bá ti parẹ́, ó máa wọn irin inú rẹ̀: 2.5 tó jẹ́ ẹyọ kan, ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.78, 1.5 jẹ́ 1.38. Kó tún fi ọ̀bẹ ha ara irin náà. Bí funfun bá yọ lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, kò lè gbé iná tí kọ́pà gidi tó tóbi tó o lè gbé. Ọjà kún fún un. Wáyà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí dára gan-an tó bá jẹ́ ojúlówó. Ẹ wá àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, lára rẹ̀.

Kí ẹni tó bá wá ṣí i dá 20 padà síbẹ̀ ná. Ẹ má sì ṣí ojú àpótí yẹn fúnra yín. Bí ẹ tilẹ̀ pa bírékà ńlá, wáyà tó ń bọ̀ láti ìdí mítà wá sórí rẹ̀ ṣì ní iná, ó sì lè pa èèyàn. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò iná mànàmáná, ni kí ẹ wá. Bó bá ní in, kò ní bínú pé ẹ ní kó fi hàn yín.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mo wà, iṣẹ́ iná náà ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ tètè sọ ọ̀kan kó tó ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Tí ẹ bá ń wo fídíò láti Ìlú Ọba, ẹ máa rí bírékà 32 lórí wáyà 2.5 tó lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òrùka ni wáyà yẹn. Ó jáde láti ìdí bírékà, ó yí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, ó sì padà sí ìdí bírékà kan náà, nítorí náà ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín bá jẹ́ pé ó kàn lọ, tó dúró síbi tó dúró sí, 32 kò tọ́ sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni oníṣẹ́ onílé yẹn ti rí i.

Èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fúnra rẹ̀ láìfọwọ́ kan síkúrù kan nìyí, lójú ọ̀sán. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì orí ìlà tó ń já. Pípa suwíìṣì ara ẹ̀rọ kò tó, yíyọ ni kí ẹ yọ ọ́. Ẹ ti bírékà sílẹ̀ pátápátá, nítorí àwọn kan wà tí kì í gbéra tí ẹ kò bá kọ́kọ́ tì wọ́n sílẹ̀ tán, kí ẹ wá tì í sókè. Bó bá já lójú ẹsẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, inú wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni àìsàn wà: ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ má máa tì í ní àtìtúntì. Bó bá dúró, ẹ ki àwọn ẹ̀rọ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí èkíní ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó ki èkejì. Èyí tí ẹ bá ki bọ̀ ọ́ tó já wàì, ẹ̀rọ yẹn ni. Àwọn tí mo sábà máa ń bá ni áyọ́ọ̀nù tí wáyà rẹ̀ ti gé lọ́rùn, kẹ́tùlù tí omi ti wọ ìdí rẹ̀, àti ẹ̀kísíténṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ ẹ̀kísíténṣọ̀n.

Bí iná ilé bá lọ tí bírékà kankan kò sì já, ẹ lọ wo mítà. Mítà alásansílẹ̀ náà máa ń gé iná fúnra rẹ̀ tí ẹrù bá ti pọ̀ jù.

Aránṣọ Òṣogbo:
Mo ti ń kà á láti òkè, ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀. Tèmi yàtọ̀. Tí òjò kò bá rọ̀, oṣù méjì lè kọjá, kò ní já. Tí òjò bá ti fẹ́ gba ògiri tó kọjú sí ojú títì, á já, kò sì ní dúró títí oòrùn á fi yọ lọ́jọ́ kejì. Bírékà yẹn ní bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n kọ T sí lára, wọ́n sì kọ 30mA sí i. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé. Áyọ́ọ̀nù àti máṣíìnì oníná ni mo fi ń ṣiṣẹ́, tí òjò bá ti rọ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ kan ní kí n já a kúrò, kí n fi ti lásán sí i.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Ẹ má já a kúrò, àǹtí. Èèyàn ni èyí ń ṣọ́, òun ló yàtọ̀ sí ti ìyá Àkọ́bọ̀. Ó ń ka iná tó ń jáde lọ lórí wáyà kan àti èyí tó ń padà bọ̀ lórí èkejì. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ wọn bá dé milliamp 30, iná ti ń gba ibòmíràn sálọ nìyẹn, ó lè jẹ́ ògiri tútù, ó lè jẹ́ ara èèyàn, á sì já kíá. Milliamp 30 kéré púpọ̀ sí amp kan, ṣùgbọ́n ó tó láti dá ọkàn èèyàn dúró bí ó bá pẹ́ lára. Áyọ́ọ̀nù àti omi wà nínú iṣẹ́ yín lójoojúmọ́, ẹ̀yin gan-an lẹ nílò rẹ̀ jù. Bọ́tìnì T yẹn, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóòrèkóòrè. Bí kò bá já nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ṣọ́ yín mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi tí omi ti ń wọlé ni kí a wá. Kí ló wà lára ògiri ojú títì yẹn?

Aránṣọ Òṣogbo:
Gílóòbù ìta kan, àti wáyà tó gbé iná lọ sí pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù.

Oníṣẹ́ Iná Abẹ́òkúta:
Ọ̀kan nínú méjèèjì ni, n kò rò pé a ó wá a jìnnà. Ojú ihò tí wáyà gbà jáde nínú ògiri, wọn kì í sábà dí i. Omi á gba inú páìpù ṣàn wọlé, á sì dúró sí àpótí ìsopọ̀. Àwọn èèrà náà fẹ́ràn ibẹ̀, wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ wọlé, iyẹ̀pẹ̀ á sì mu omi. Mo ti bá ọmọńlé tó kú sí àárín ẹnu wáyà méjì níbẹ̀ rí.

Ní ìgbà òjò, kí oníṣẹ́ tú gílóòbù ìta àti pátákó yẹn kúrò lórí ìlà. Bí òjò bá tún rọ̀ tí kò já, ẹ ti mú un. Oníṣẹ́ tó ní irinṣẹ́ kò tilẹ̀ ní dúró de òjò: ẹ̀rọ kan wà tó ń fi 500 volt dán rọ́bà ara wáyà wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná. Bí ó bá fi ohun tó kéré sí megohm 1 (ìwọ̀n bí rọ́bà ṣe ń dènà iná) hàn, wáyà yẹn ti ń jò. Kó fi gílóòbù tí wọ́n ṣe fún ìta rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, kó gbẹ́ ihò náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ìta kí omi máa ṣàn jáde, kó sì fi sìlíkọ́ọ̀nù dí i.

Ará Ìkòròdú:
Ti bírékà oní-30mA yìí, mo ní ìrírí kan tó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n so ínfátà mọ́ ilé mi, kò sí òjò, kò sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá tan gílóòbù yàrá, á já. Ẹni tó wá tún un ṣe sọ pé wáyà láìfù gílóòbù (èyí tó ń gbé iná wá) ti wá láti ìdí ínfátà, àmọ́ níútírà rẹ̀ (èyí tí iná ń gbà padà) ṣì wà pẹ̀lú ti ilé tó kù. Iná jáde láti ibì kan, ó gba ibòmíràn padà, ìṣirò kò bára mu. Ó ya àwọn níútírà sọ́tọ̀, ó tán. Bí tiyín bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ so ínfátà tàbí sólà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ará Houston:
Fún àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà, ìṣirò olùkọ́ yàtọ̀ díẹ̀. 120 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, kì í ṣe 230. Bírékà 15 wa kò lè gbé ju 1800 watt lọ, nítorí náà ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun nìkan ti fẹ́ gbà á tán. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tó fẹ́ máa lò ó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ amúyàrá-gbóná lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, á rò pé ilé ló bàjẹ́. Bírékà wa náà máa ń dúró sí àárín tó bá já. Ẹ tì í sí OFF pátápátá kí ẹ tó tì í sí ON.

Afẹ̀yìntì Panápaná:
Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un. Bí ẹ bá rí iná tó ń jó lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí àpótí bírékà, ẹ má da omi sí i. Bí ẹ bá lè dé ìdí suwíìṣì ńlá láìfi ara yín wewu, ẹ pa á. Iyẹ̀fun panápaná tàbí ti CO2 ni kí ẹ lò, bí ó bá ṣì kéré. Bí èéfín bá ti pọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ pe 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Ẹ má padà wọlé nítorí tẹlifíṣọ̀n. Mo ti rí ẹni tó padà wọlé.

Oníyìnyín Àkọ́bọ̀:
Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. Mo ti padà dé pẹ̀lú ìròyìn. Mo wá oníṣẹ́ mìíràn tó ní ìwé ẹ̀rí, ọkọ mi dúró tì í. Alẹ́ ni a ní kó wá, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. 165 ni volt tó bá ní aago mẹ́jọ. Ó ní mítà kan tó ń la ẹnu gbá wáyà mú láìgé e. Nígbà tí AC bẹ̀rẹ̀ sí kùn, nọ́ńbà fò kọjá 30, bí olùkọ́ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ní ìdájí, mo wò ó fúnra mi, 225 ni.

Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó pọ́n yẹn ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tó ti gé iná láti ìdí mítà. Síkúrù kan ti dẹ̀ débi pé wáyà jáde nígbà tó fà á, rọ́bà rẹ̀ ti jó dé gígùn ìka. Ẹ̀rù bà mí. Àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn àti bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi kékeré kò jìnnà.

Bó ṣe ṣe é nìyí, kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Ó fa wáyà 4 tuntun láti ìdí àpótí lọ sí ìdí AC nìkan, ó fún un ní bírékà 20 tirẹ̀ tó ní lẹ́tà C níwájú. Ó gbé fíríísà kúrò lórí ìlà pálọ̀, ó fún òun náà ní bírékà tirẹ̀, pé bí nǹkan mìíràn bá já, ọjà mi kò ní bá a lọ. Ó fi ohun kan sí ìdí méjèèjì tó máa ń gé iná bí volt bá ti rẹlẹ̀ jù tàbí tó ga jù, tí kì í sì í dá a padà títí ìṣẹ́jú díẹ̀ á fi kọjá, kí gáàsì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè ti rọ̀. Bírékà 20 ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, kò pààrọ̀ rẹ̀. Kò já mọ́. Onílé gbà láti san apá kan owó wáyà nígbà tí ọkọ mi gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì jíjó náà lé e lọ́wọ́.

Ó ku volt alẹ́ yẹn fúnra rẹ̀. Àwọn kan ládùúgbò ní kí á gun òpó, kí á gbé wáyà wa sí féésì mìíràn.

Olùkọ́ Físíìsì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Inú mi dùn gan-an sí ìròyìn yìí, pàápàá nítorí ọmọ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun òpó. Yàtọ̀ sí pé ó lè pa ẹni tó gùn ún, féésì mẹ́ta ló ń jáde láti ìdí tiransífọ́mà. Bí gbogbo èèyàn bá ń sá lọ sí èyí tó lágbára, lọ́sẹ̀ méjì òun náà á rẹlẹ̀. Tí ẹni tó gun òpó bá sì ṣèèṣì so féésì kejì mọ́ ibi tó yẹ kí níútírà wà, 415 volt ló máa wọ ilé yín, gbogbo ohun tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì á jóná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ kọ volt tí ẹ ń rí sílẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yin àti ilé márùn-ún mẹ́fà sí i, kí ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sí i. Ẹ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò yín ní ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo yín fọwọ́ sí. Ẹ béèrè pé kí wọ́n pín àwọn ilé sórí féésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gbadọ́gba, tàbí kí wọ́n fi tiransífọ́mà kún un. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ̀dà yẹn ni ẹ máa gbé lọ bá àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní ìpínlẹ̀ yín.

Aránṣọ Òṣogbo:
Gílóòbù ìta ni. Omi kún inú rẹ̀ débi pé ó dà sí oníṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó ṣí i. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀, ó sì dí ihò náà. Òjò rọ̀ ní àná, a ránṣọ títí di alẹ́.

Ará Ìkòròdú:
Ẹ kú oríire, àǹtí. Oníṣẹ́ iná wa, 20 ti padà sí ìdí tèmi láti òwúrọ̀, wáyà 2.5 ni a bá níbẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tó já ni ìgbà tí a tan pọ́ǹpù kànga, ó sì já lójú ẹsẹ̀. Tí a bá tún tì í, nígbà mìíràn á gbé e, nígbà mìíràn kò ní gbé e. Horse power 1 ni pọ́ǹpù náà.

Oníṣẹ́ Iná Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí lọ́kàn balẹ̀. Gbogbo mọ́tò ló máa ń fa iná púpọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó bá ń gbéra. Lẹ́tà iwájú nọ́ńbà ló ń sọ iye tí bírékà lè fara dà: B á já lójú ẹsẹ̀ láàárín ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún nọ́ńbà rẹ̀, C láàárín márùn-ún sí mẹ́wàá, D láàárín mẹ́wàá sí ogún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ B ni wọ́n tà fún yín, àti pé pọ́ǹpù náà ń gbéra pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn lórí ìlà kan náà. Bí ó bá jẹ́ C ni, pọ́ǹpù ni kí a yẹ̀ wò: kapásítọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra) lè ti rẹ̀, iyanrìn lè há a lẹ́nu, omi sì lè ti wọ inú mọ́tò rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń rì sínú kànga. Ẹ má tún un tàn títí di ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan páìpù irin rẹ̀.

Ẹ ya àwòrán ojú bírékà náà àti ìwé pẹlẹbẹ ara pọ́ǹpù, ẹ fi wọ́n síbí. Ẹ rí i pé lẹ́tà náà hàn dáadáa.